Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ 9, n kò tíì rí nǹkan oṣù mi: ṣé oyún lè dúró?

Ìyá Àdùkẹ́, Kétu

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí n kò rí ẹni bá sọ nílé, ni mo ṣe gbé e wá síbí.

Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ. Àkọ́bí mi kò ju ọmọ oṣù 14 lọ nígbà tí mo bí èkejì. Ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan lọ́wọ́, igbá gàrí lórí, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń lọ sọ́jà. Nígbà tí mo bí èkejì yẹn, ẹ̀jẹ̀ dà lára mi títí ojú mi fi ń ṣú, àfi ìgbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára. Mi ò fẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta ti pé ọ̀sẹ̀ 9 báyìí. Kùtọnú ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ìparí oṣù ló máa ń wálé. Láti ìgbà tí mo ti bímọ, kò tíì sí nǹkan kan láàárín wa, àmọ́ mo mọ̀ pé tó bá dé lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ìyá ọkọ mi ní kí n má bẹ̀rù, pé obìnrin tí kò tíì rí nǹkan oṣù, tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń mu ọmú, oyún kò lè dúró sí i nínú. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni mo gbọ́ lẹ́yìn àkọ́bí. N kò rí nǹkan oṣù kankan nígbà yẹn. Ìgbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nínú mi ni mo tó mọ̀ pé mo ti lóyún.

Nígbà tí mo gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6, agbẹ̀bí kan bá gbogbo wa sọ̀rọ̀ planning, ìyẹn bí a ṣe ń fi àlàfo sáàárín ọmọ. Èrò pọ̀, àwọn ọmọ ń ké, ojú sì tì mí láti béèrè. Ọ̀rẹ́ mi kan ní abẹ́rẹ́ máa ń ba ilé ọmọ jẹ́. Òmíràn ní èyí tí wọ́n ń fi sí apá máa ń rìn lọ sí ọkàn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe kí oṣù yìí tó parí?

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Àbúrò mi, o kú ewu ọmọ. Má fòyà. Ọmú nìkan ni mo fi tọ́ àkọ́bí mi, oṣù 6 gbáko, n kò lo oògùn kankan, oyún kò sì dé. Ọdún 3 lẹ́yìn náà ni àwọn ìbejì tó wá. Ìyá ọkọ rẹ kò parọ́.

Agbẹ̀bí Ṣábẹ

Ìyá Ìbejì, ohun tí ẹ sọ máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kò sọ ohun tó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún yín, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń ṣubú.

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mò ń ṣe. Ọmú máa ń dá oyún dúró tí nǹkan mẹ́ta bá pé lẹ́ẹ̀kan náà: kí ọmọ má tíì pé oṣù 6, kí nǹkan oṣù ìyá má tíì padà, kí ọmọ má sì fẹnu kan ohunkóhun yàtọ̀ sí ọmú, lọ́sàn-án àti lóru. Láàárín ọmú kan sí èkejì, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 4 lọ lọ́sàn-án, kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí 6 lọ lóru. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, nínú obìnrin 100, bóyá la fi rí méjì tó máa lóyún láàárín oṣù 6 yẹn. Tí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, ààbò náà ti yẹ̀ nìyẹn, kódà bí ọmọ bá ń mu ọmú títí ó fi pé ọdún 2.

Ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù ńkọ́? Ẹyin ló ń kọ́kọ́ jáde, ẹ̀jẹ̀ ló ń tẹ̀lé e ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2. Ìdí nìyẹn tí obìnrin fi lè lóyún kó tó fojú kan nǹkan oṣù àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín lẹ́yìn àkọ́bí nìyẹn, Ìyá Àdùkẹ́. Ẹni tí kò fún ọmọ lọ́mú rárá, tó bá ti di ọjọ́ 21 lẹ́yìn ìbímọ, ó yẹ kó ti ní ohun tó ń lò.

Ẹ dá mi lóhùn: ṣé ọmọ ń mu omi? Ṣé wọ́n ń fún un lágbo? Wákàtí mélòó ni ẹ fi ń fi í sílẹ̀ tí ẹ bá lọ sọ́jà?

Ìyá Àdùkẹ́, Kétu

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ó ń mu omi. Ìyá ọkọ mi ló ń fún un, ó ní ooru ń gbẹ ọmọ lọ́fun. Àràárọ̀ ló tún ń fún un lágbo, ṣíbí kékeré méjì. Ọjọ́ ọjà, aago 7 àárọ̀ ni mo ń kúrò nílé, aago 3 ọ̀sán ni mo ń wọlé. Ọmú mi á ti le bí òkúta, á ti máa kán sí mi láṣọ.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n agbẹ̀bí, ẹ ṣeun tí ẹ tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ilé ni mo jókòó sí ní gbogbo oṣù 6 yẹn, ọmọ kò fẹnu kan omi rí, ẹ̀yìn mi ló ń sùn. Mi ò mọ̀ pé ìyẹn ló gbà mí. Ìyá Àdùkẹ́, má tẹ̀ lé ohun tí mo kọ lókè o.

Màmá Àgbà, Ìlárá

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Nígbà tiwa, obìnrin tó bá bímọ kì í padà sí yàrá ọkọ títí ọmọ á fi já lẹ́nu ọmú. Ọdún 2, nígbà mìíràn 3. Ilé ìyá mi ni mo lọ jókòó sí. Ọmọ 6 ni mo bí, kò sí méjì nínú wọn tó jọ du ọmú kan. Ẹni tí ẹ̀rù bá sì ń bà, òrùka wà, ìgbàdí wà. Ìdúró de ọmọ kò pa ẹnikẹ́ni. Kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ kó oògùn sára nígbà tí ẹ ṣì ń fún ọmọ lọ́mú?

Àṣàkẹ́, Àjàṣẹ́

Ẹ kú alẹ́ mà, ìyá wa. Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ìdúró yẹn dára púpọ̀, òun ló tọ́jú ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ìyàwó mélòó ló wà lọ́ọ̀dẹ̀ bàbá nígbà náà? Yàrá kan ni èmi àti ọkọ mi jọ ń gbé ní Wàǹdó, n kò ní ìyálé, ìyá mi sì ti lọ sọ́run. Ibo ni mo fẹ́ lọ jókòó sí?

Ìgbàdí ni mo kọ́kọ́ lò. Bàbá tó ṣe é fún mi ní kí n má jẹ́ kó kan omi. Tí mo bá fẹ́ wẹ̀, mo máa tú u, mo máa fi í kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì máa so ó padà kí n tó wọṣọ. N kò gbàgbé lọ́jọ́ kan. Ọmọ mi pé oṣù 7, oyún dé, ìgbàdí wà nídìí mi. Ọmọ tí mo bí nígbà náà ti ń lọ iléèwé, mo fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rù lọ́dún náà débi pé mo ń ka egungun ìhà rẹ̀ tí mo bá ń wẹ̀ ẹ́. Ẹ má bínú sí mi, ìyá wa, mi ò lè dákẹ́ kí ẹlòmíràn gbára lé e.

Màmá Àgbà, Ìlárá

Mi ò bínú, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́. Mo gbọ́ ti ọ̀rọ̀ yàrá kan yẹn.

Ìyá Ridwan, Ṣakẹ́tẹ́

Oníhóró, oògùn tí à ń gbé mì kí oyún má dé, ni kó rà, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọwọ́ ìyá kan tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ oògùn kiri ni mo ti ń ra tèmi, kò wọ́n, mi ò sì tò sí ilé ìwòsàn kankan. Ọ̀kan lójúmọ́, mo ti ń lò ó tipẹ́, kò sí nǹkan tó ṣe mí.

Ọmọ Ilé Oògùn, Pọ́bẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Ìyá Ridwan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí ilé oògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Oríṣi méjì ni oníhóró, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní èròjà méjì nínú. Ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú kò gbọ́dọ̀ lò ó rárá kí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ 6, a kì í sì í fún un títí ọmọ fi máa pé oṣù 6, nítorí ó lè dín ọmú kù. Ohun mìíràn ni pé ẹ̀jẹ̀ máa ń tètè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ, oníhóró eléròjà méjì yìí sì ń fi kún ewu náà. Èkejì ní èròjà kan ṣoṣo, òun ló bá abiyamọ mu. Àmọ́ ó ń fẹ́ àkókò. Tí ẹ bá ń lò ó ní aago 8 alẹ́, aago 8 náà ni lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, tó bá ti fi wákàtí 3 pẹ́, ààbò náà ti mì. Mo máa ń sọ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n fi fóònù ṣe agogo fún un, tàbí kí wọ́n so ó mọ́ nǹkan tí wọn kì í gbàgbé, bíi títan àtùpà tàbí títì ilẹ̀kùn.

Ti apẹ̀rẹ̀ orí yẹn ló bà mí nínú jẹ́ jù. Oòrùn ń pa oògùn yẹn láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyá kan mú ìdajì páálí wá bá mi pé kí n bá òun wá irú rẹ̀. Wọ́n ti gé ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ sí kúrò. Kí ni mo fẹ́ fi mọ ohun tó ń gbé mì?

Ìyá Ridwan, Ṣakẹ́tẹ́

Ọmọ ọdún 2 ni tèmi, mi ò ronú kan ti ọmọ ọwọ́. Mo gbọ́, ẹ ṣé. Mo lọ wo páálí tèmi lẹ́yìn tí mo ka èyí, kò sí ọjọ́ kankan lára rẹ̀ lóòótọ́. Mo máa gbé e wá bá yín ní ilé oògùn.

Agbẹ̀bí Ṣábẹ

Ìyá Àdùkẹ́, ó dáa tí ẹ sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ omi àti àgbo. Ọmú kò dáàbò bò yín mọ́. Kì í ṣe pé kí ẹ wá dá ọmú dúró o, omi àti àgbo ni kí ẹ dá dúró. Omi ló pọ̀ jù nínú ọmú fúnra rẹ̀, ó tó ọmọ, kódà nínú ooru. Tí ọmọ bá ń tọ̀ tó ìgbà 6 lójúmọ́, tí ìtọ̀ náà kò pọ́n, òǹgbẹ kò gbẹ ẹ́. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín ka aṣọ ìdí tó tutù fún ọjọ́ kan. Ọjọ́ ọjà, ẹ fi ọwọ́ fún ọmú sínú ife tó mọ́ kí ẹ tó jáde, kí wọ́n fi ṣíbí fún un.

Fún oyún, ẹ wá nǹkan mìíràn. Ọmọ yín ti kọjá ọ̀sẹ̀ 6, ìyẹn sì ṣí ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn fún yín.

Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta wà. Ó tún ní kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Sayana Press, abẹ́ awọ ara ni wọ́n ń gún un sí, wọ́n sì lè kọ́ yín kí ẹ máa gún un fúnra yín nílé. Abẹ́rẹ́ kì í ba ilé ọmọ jẹ́. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í tètè kúrò lára: láti ọjọ́ abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, nǹkan bí oṣù 10 ni ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń dúró kí oyún tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ lóyún láìpẹ́, kó ro ìyẹn kó tó gbà á.

Èyí tí wọ́n ń fi sí apá kì í rìn lọ sí ọkàn. Abẹ́ awọ ni ó wà, ní apá òkè lápá inú, ẹ ó sì máa fọwọ́ bà á. Jadelle jẹ́ igi méjì, ọdún 5 ni. Implanon jẹ́ ẹyọ kan, ọdún 3. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ bímọ, wọ́n á yọ ọ́, oyún sì lè dé láàárín oṣù tó tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá fọwọ́ wá a tí ẹ kò rí i, ẹ padà lọ bá wọn. Nínú gbogbo ohun tí a ní, òun ni oyún kì í sábà já gbà lára rẹ̀: nínú obìnrin 1,000 tó ń lò ó, bí ẹyọ kan ló ń lóyún lọ́dún.

Stérilet oníbàbà, inú ilé ọmọ ni wọ́n ń fi í sí. Ó lè ṣiṣẹ́ fún ọdún 10 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní èròjà kankan tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n lè fi í sí i láàárín wákàtí 48 lẹ́yìn ìbímọ, kí obìnrin tó kúrò nílé ìgbẹ̀bí. Tí ìyẹn bá ti kọjá, ó di ọ̀sẹ̀ 4. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Àmọ́ ó máa ń mú kí nǹkan oṣù pọ̀ sí i ní àwọn oṣù àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára rí, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó mú un.

Tí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ sọ pé kò tíì sí ìbálòpọ̀ kankan látìgbà tí ẹ ti bímọ, ìyẹn tó fún wọn láti mọ̀ pé oyún kò sí. Wọ́n á wọn ìfúnpá yín. Tí ẹ bá ń lo oògùn wárápá tàbí ti ikọ́ fée, ẹ má fi pa mọ́, nítorí àwọn kan nínú wọn ń sọ igi apá àti oníhóró di aláìlágbára.

Ohun kan tí a ń gbọ́ lódìkejì: àlàfo oṣù 24 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a fi sáàárín ọmọ, kì í ṣe láti ìbímọ sí ìbímọ. Láti ìbímọ sí oyún tó tẹ̀ lé e ni.

Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́, Ṣábẹ

Ẹ̀gbọ́n, òtítọ́ ni ẹ sọ nípa abẹ́rẹ́, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi nígbà tèmi, inú mi kò sì tíì rọ̀ sí i títí dòní. Wọ́n gún mi, wọ́n kọ ọjọ́ tí mo máa padà wá sínú ìwé, ó tán. Oṣù àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ ń yọ díẹ̀díẹ̀ bíi ti ẹni tó gé ìka, lónìí á wá, lọ́la á lọ. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì, kò wá mọ́ rárá. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ ti dì sí mi nínú, ó se àgbo kíkorò kan tí mo ń bì lójoojúmọ́.

Mo gba mẹ́ta, mo fi í sílẹ̀ torí a fẹ́ ọmọ. Oṣù 11 ni mo fi retí. Mo ti ń lọ láti ilé àdúrà kan dé òmíràn, ọkọ mi ti ń wò mí lójú kan. Ọmọ yẹn ti pé ọdún 3 báyìí, ẹ bá mi dúpẹ́. Mo tún lè lò ó lọ́la. Àmọ́ ẹni tó ń gún obìnrin, ó yẹ kó jókòó sọ fún un pé báyìí ni ara rẹ ṣe máa ṣe.

Agbẹ̀bí Ṣábẹ

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀tọ́ yín ni wọ́n fi dù yín. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò dì sí yín nínú: ilé ọmọ ni kò nípọn bó ṣe máa ń ṣe lóṣooṣù, nítorí náà kò sí ohun tó máa wó jáde.

Rẹ̀mílẹ́kún, Ìfọ̀nyìn

Ẹ má wulẹ̀ máa yin igi apá bíi pé gbogbo ara ló gbà á. Oṣù 5 ni tèmi lò lára mi. Ẹ̀jẹ̀ kò dá: ọjọ́ 10, á sinmi ọjọ́ 4, á tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè kírun dáadáa, mi ò lè gbààwẹ̀. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí n ṣe sùúrù, mo ní rárá, wọ́n sì yọ ọ́.

Ìyá Tóyìn, Àjàṣẹ́

Rẹ̀mílẹ́kún, ẹ pẹ̀lẹ́, mo mọ̀ pé ó nira. Tèmi náà dà bẹ́ẹ̀ fún oṣù 3, ó sì dá fúnra rẹ̀. Mo ti wà ní ọdún kẹrin. Mo ń gbé àpò sìmẹ́ńtì lára ilé tí a ń kọ́, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Tí mo bá fìka tẹ apá mi, igi ìṣáná méjì tó dùbúlẹ̀ ló dà bí. Ẹ ò bá tiẹ̀ ti padà lọ bá wọn pé kí wọ́n fún yín ní ohun tó ń dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró kí ẹ tó yọ ọ́, wọ́n máa ń ní in.

Rẹ̀mílẹ́kún, Ìfọ̀nyìn

Wọn kò sọ ìyẹn fún mi. Àmọ́ mi ò kábàámọ̀ pé mo yọ ọ́. Kọ́ńdọ̀mù ni èmi àti ọkọ mi ń lò, a sì fi ẹnu kò sí i.

Bàbá Ràímì, Pọ́bẹ̀

Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin kan náà fi ẹnu sí i. Ìyàwó mi gba abẹ́rẹ́ fún ọdún kan láìsọ fún mi. Ọjọ́ kan ni mo ń wá ìwé ìbí ọmọ nínú àpótí, ni mo bá rí ìwé náà tí wọ́n fi rọ́bà dì sábẹ́ aṣọ òkè rẹ̀. Inú bí mi gan-an. Mo rò pé ó ń bá ẹlòmíràn lọ. Ọ̀sẹ̀ kan ni a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè mí jókòó, ó bi mí léèrè pé, “Nígbà tó sọ fún ọ pé ó rẹ òun, kí lo wí?” Mi ò rí èsì fọ̀. Mo bá ìyàwó mi lọ nígbà tó kàn, èmi ni mo gbé ọmọ dání.

Nítorí náà, Ìyá Àdùkẹ́, sọ fún ọkọ rẹ. Ohun tí ọkùnrin bá rí nínú àpótí burú ju èyí tí wọ́n sọ sí i létí lọ.

Àṣàkẹ́, Àjàṣẹ́

Bàbá Ràímì, ẹ ṣeun. Ọkọ tó bá lè gbọ́, kí wọ́n sọ fún un. Ṣùgbọ́n gbogbo ọkọ kọ́ ló ní ẹ̀gbọ́n bíi tiyín. Mo mọ obìnrin kan tí wọ́n lù nítorí pé ó kàn béèrè. Òfin 2003-04 tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Benin wa ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2003 sọ pé tọkọtaya àti ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀tọ́ láti pinnu iye ọmọ tí wọ́n fẹ́ àti àlàfo tó máa wà láàárín wọn. Ó ní ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí obìnrin tó wà nínú ewu rò pé ó dìgbà tí ọkọ bá fọwọ́ sí i.

Bàbá Ràímì, Pọ́bẹ̀

Mo gbà. N kò ronú kan irú ọkọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n lè lù, kó tọ́jú ara rẹ̀ ná.

Ìyá Sùmọ́nù, Àjàṣẹ́

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ wa nínú ẹ̀sìn ń bẹ̀rù láti béèrè ni pé ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Nínú Súrátù Bákárà, ẹsẹ 233, Ọlọ́run sọ pé kí ìyá fún ọmọ lọ́mú fún ọdún 2 gbáko, fún ẹni tó bá fẹ́ pé e. Àwọn sàhábà Ànábì sì ń ṣe àsílù, kí ọkùnrin fà sẹ́yìn kó tó dá sílẹ̀, nígbà tí Kùránì ṣì ń sọ̀ kalẹ̀. Àáfà tó kọ́ mi ní bí ìyẹn bá tọ́, ohun tó ń fi àlàfo sáàárín ọmọ, tí kò pa oyún, tí kò sì dá ìbímọ dúró títí láé, kò burú bí tọkọtaya bá fohùn ṣọ̀kan. Fífà sẹ́yìn yẹn náà ni àwa ń lò.

Agbẹ̀bí Ṣábẹ

Ẹ ṣeun, Ìyá Sùmọ́nù, ẹ ti gbé ẹrù kúrò lọ́kàn ẹnì kan níbí yìí. Ní ti fífà sẹ́yìn nìkan, kí ẹ mọ̀ pé nínú obìnrin 100 tó gbára lé e, nǹkan bí 20 ló ń lóyún láàárín ọdún kan. Kọ́ńdọ̀mù á jẹ́ bíi 13. Tí oyún báyìí bá máa jẹ́ ewu fún ìyá, bíi ti Ìyá Àdùkẹ́, ẹ má dúró lórí rẹ̀ nìkan.

Ìyá Àdùkẹ́, Kétu

Ẹ kú ọjọ́ mélòó kan, gbogbo yín. Mo ti lọ.

Mo kọ́kọ́ sọ fún ọkọ mi lórí fóònù. Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Ràímì fún un. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé owó fóònù ti tán, ó wá ní òun kò gbàgbé alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀ kiri fún mi. Ó ní kí n lọ.

Ìyá ọkọ mi ló bá mi lọ, torí ó ní òun fẹ́ fi etí ara òun gbọ́ ọ̀rọ̀ omi yẹn. A ti ka aṣọ ìdí ọmọ papọ̀ fún ọjọ́ 2 kí a tó lọ, láìfún un lómi: 7 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, 8 lọ́jọ́ kejì. Agbẹ̀bí náà wọn ìfúnpá mi, ó fa ojú mi wálẹ̀, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ṣì kéré díẹ̀, ó sì fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, abẹ́rẹ́, oníhóró, stérilet, igi apá, ó ní kí n fọwọ́ kàn wọ́n. Mo bi í léèrè ohun gbogbo tí mo kọ sínú ìwé láti ọ̀dọ̀ yín, àti ti ẹ̀jẹ̀ tí Rẹ̀mílẹ́kún sọ. Ó ní ó lè rí bẹ́ẹ̀, pé tó bá rí bẹ́ẹ̀ kí n tètè padà wá.

Mo mú igi apá ọlọ́dún 5. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ara kú nìkan ni mo mọ̀ lára, èyí tó kù kò ju kí ẹnì kan fìka tì mí lọ. Ó fi báńdéèjì dì í, ó ní kó má kan omi fún ọjọ́ 4, àti pé kí a lo kọ́ńdọ̀mù fún ọjọ́ 7 àkọ́kọ́. Ọkọ mi kò ní dé kí ọjọ́ 7 yẹn tó pé.

Lánàá tí mo tú báńdéèjì, ìyá ọkọ mi ní kí òun fọwọ́ bà á. Ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó ní, “Ṣé kò ní dùn ọ́ tí o bá ń bá mi lọ àgbàdo lórí ọlọ?” Mo ní kò ní dùn mí. Ó gbé ọmọ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ sinmi.

Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́, Ṣábẹ

O káre, àbúrò mi. Inú mi dùn pé wọ́n jókòó sọ fún ọ.

Ọmọ Ilé Oògùn, Pọ́bẹ̀

Ìyá Àdùkẹ́, ọjọ́ wo ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀? Kétu ni wọ́n gbé àbúrò mi lọ, ó bímọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ìyá Àdùkẹ́, Kétu

Ọjọ́ tí wọ́n ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára náà ni. Kó mú ìwé ọmọ dání, kó sì tètè dé kí èrò tó pọ̀. Tó bá fẹ́ ẹni bá a lọ, ilé mi kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi níbí.